Bí ilé ìṣeré Mbárí-Mbáyọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ ìlù ló dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1961, Dúró Ládípọ̀, tíṣà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, kọ orin ọdún Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì kó ìlù ilẹ̀ wa wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ fárígá. Ìlù tí wọ́n ń lù fún òrìṣà, ta ló ní kó dún nínú ilé Ọlọ́run? Ládípọ̀ kò sọ ìlù nù; ó wá ibòmíràn tí yóò ti dún.

Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ń gbé Òṣogbo nígbà náà, gbọ́ orin yìí, ó sì dúró tì í. Ọdún 1961 kan náà ni Beier àti àwọn òǹkọ̀wé kan dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ládípọ̀ ní ilé ọtí kan, Popular Bar. Ilé ọtí yìí ni wọ́n sọ di ilé ìṣeré àti ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà. Oṣù kẹta ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i, Mbárí-Mbáyọ̀ sì ni àwọn ará ìlú yí orúkọ Mbari sí.

Eré tí wọ́n fi ṣí i, Ọba Mọ́rọ̀, ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìjọba kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Wọ́n wá rán abuké, àfín, aràrá àti irú wọn lọ sórí òkè níbẹ̀ lóru, kí wọ́n máa tan iná kiri, kí wọ́n sì máa ké pé, “Kò sí àyè! Kò sí àyè!” Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba, wọ́n ní ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin, ti gba ìlú. Ọba kò gbà. Ó rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì mú àwọn “iwin” náà láàyè. Kò pariwo o! Ó se àsè, ó pe àwọn ìjòyè, ó sì ní kí iwin tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan rán máa gbé ọtí fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì sọ pé láti ara àwọn iwin wọ̀nyí ni eré alárìnjò ti ṣẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ eré Yorùbá ni Ládípọ̀ fi ṣí ilé eré tirẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí èyí gan-an.

Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963, pẹ̀lú bàtá àti oríkì Ṣàngó. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ni Ọya. Ní 1964 wọ́n gbé e dé Berlin.

Àwọn òṣèré náà kò jókòó lásán. Ní 1964, Georgina Beier, ayàwòrán, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kíkùn àwòrán ní Mbárí-Mbáyọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ládípọ̀. Oníjó ni Twins Seven-Seven. Mùráínà Oyèlámì ń lu ìlù, ó tún ń ṣeré. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń bójú tó iná ìtàgé, kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Àwòrán Òṣogbo tí ènìyàn ń rà lónìí, ilé ìṣeré ló ti ṣẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé àwárí fún ọmọdé, ẹ má lọ jìnnà. Ẹ fi ọmọ kan sẹ́yìn aṣọ ìtàgé ní alẹ́ tí wọ́n ṣí Mbárí-Mbáyọ̀, kó máa wá ẹni tó rán iwin wá.