Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà: fọ́máàtì wo ni kí n fi kó o kí n tó gé e?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ìgbéyàwó àwọn òbí mi ti ọdún 1994 ló wà lọ́wọ́ mi, mo ti yá ẹ̀rọ fídíò, mo sì ti ra wáyà USB tó ń kó o sínú laptop. Bí mo ṣe ṣí software ẹ̀ ló ní kí n mú ọ̀kan nínú AVI, DV, MPEG-2 àti MP4. Mo fẹ́ gé àwọn ibi tí kò wúlò kúrò, kí n fi orin díẹ̀ sí i. Èwo ni kí n tẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, DV ni kó o tẹ̀. Mo mọ̀ pé MP4 lo mọ̀, òun ni fóònù ẹ ń lò, fáìlì ẹ̀ sì kéré, àmọ́ torí pé o fẹ́ gé e ni mo ṣe ní kó o fi í sílẹ̀ ná. Ká ní wíwò lásán ni, mi ò ní bá ẹ jiyàn rárá.

Ìbéèrè: Kí ló wá wà nínú MP4 tó ń da gígé rú?

Ìdáhùn: Ká ní alájọ kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ kìíní oṣù nìkan ló ń kọ gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì á kàn kọ “bíi tàná, fi 200 náírà kún un”, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹrin bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀ ò ní nípọn lóòótọ́, àmọ́ tó o bá bi í pé èló ni owó mi lọ́jọ́ kẹsàn-án, àfi kó padà lọ máa rò ó bọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bí MPEG-2 ṣe ń ṣe nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni H.264, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó lè kéré, tó sábà máa ń wà nínú MP4. Àwòrán kan á wà lódindi, àwọn tó tẹ̀ lé e á kàn máa sọ ohun tó yí padà, nínú MPEG-2 ti DVD wọ́n máa ń tó bíi 11, nínú H.264 wọ́n lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Tó o bá wá fa fídíò síbi tó o fẹ́ gé, kọ̀ǹpútà á dúró ná, á padà lọ wá odindi yẹn, á ṣírò dé ibi tó o wà. DV ò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán 25 ló wà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkọ̀ọ̀kan sì dá dúró fúnra ẹ̀, ibi tó o bá fi ọ̀bẹ lé náà ló ń gé.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni ibi ìnáwó. Nígbà tí wọ́n bá ń lẹ owó mọ́ ìyàwó níwájú orí, tí léèsì ń dán, tí gbogbo èèyàn ń mi, gbogbo àwòrán ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, MP4 kékeré tí wáyà yẹn ń ṣe ò sì ní àyè tó máa fi kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà ti kó kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú ìyá bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tí bàbá mi ti ń jó níwájú àwọn onílù, ojú wọn di onígun mẹ́rin kéékèèké. Mo ní kí n padà lọ tún un kó lẹ́yìn ọdún méjì, kásẹ́ẹ̀tì ti hu funfun nínú, kò ṣeé wò mọ́. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi dòní nìyẹn.

Ìbéèrè: AVI ńkọ́? Ṣé òun àti DV kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Ìdáhùn: Agolo ni AVI. O mọ̀ pé èèyàn lè ṣí agolo Bournvita kó jẹ́ edé ló máa bá níbẹ̀. DV lè wà nínú AVI, HuffYUV, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, náà lè wà níbẹ̀, kódà fídíò tí wọn ò fún pọ̀ rárá lè wà níbẹ̀. Wo ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ yẹn kó o tó tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Àyè ńkọ́? Hard disk mi ò tóbi.

Ìdáhùn: Wákàtí kan DV jẹ́ bíi 13GB. Èyí tí wọn ò fún pọ̀ rárá ń lọ sí bíi 75GB, má dé ibẹ̀. HuffYUV ò jù bí ìdajì ìyẹn lọ, kì í sì í sọ nǹkan kan nù, tí àyè bá wà lọ́wọ́ ẹ òun ni kó o lò dípò DV. Tó bá sì jẹ́ MPEG-2 nìkan ni software ẹ gbà, fa bitrate, ìyẹn iye dátà tó ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sókè, ó kéré tán 8 Mbps. Kó o tún wo hard disk tó o fẹ́ kó o sí, tó bá jẹ́ FAT32 ni wọ́n fi tò ó, kò lè gba fáìlì tó ju 4GB lọ, bíi 20 ìṣẹ́jú DV ló máa dúró. NTFS tàbí exFAT ni kó o sọ ọ́ di, àmọ́ kọ́kọ́ kó ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò o.

Ìbéèrè: Wọ́n tún ń bi mí ní PAL àbí NTSC, àti 1080.

Ìdáhùn: Ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n ni méjèèjì. PAL la ń lò ní Nàìjíríà, 720×576. Àmọ́ tó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ni, NTSC ni, 720×480, ẹ̀rọ fídíò náà gbọ́dọ̀ lè ka NTSC. Má mú 1080, VHS ò ní ohun tó máa fi kún un, fáìlì lásán lo máa fi wú. Tó o bá wá rí ìlà bí eyín òòyà létí apá ẹni tó ń jó, kásẹ́ẹ̀tì ò bàjẹ́, ìdajì ìdajì ni PAL ń ya àwòrán, 50 ìdajì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó o bá ń kó o, ìgbà tó o bá fẹ́ gbé ẹ̀dà ìkẹyìn jáde ni kó o tẹ deinterlace, tó ń mú ìlà yẹn kúrò.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ńkọ́?

Ìdáhùn: Bátìrì laptop á gbé ìyẹn, àmọ́ ẹ̀rọ fídíò máa kú, torí náà kó o tó bẹ̀rẹ̀ rí i pé bátìrì kún. Tí laptop fúnra ẹ̀ bá kú, MP4 ló ń fìyà jẹni jù, ìparí ló sábà máa ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀, tí kò bá dé ìparí, ó lè má ṣí mọ́. DV ṣì máa ń ṣeé yọ dé ibi tó dé, MKV, agolo míì bíi AVI, náà bẹ́ẹ̀. Tó o bá gé e tán, tó o fi orin sí i, ìgbà yẹn ni kó o wá sọ ọ́ di MP4 tí wàá fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, kó o sì tọ́jú DV yẹn sórí hard disk méjì.