63 sí 3 kò dá ìgbìmọ̀ láre

Bí ọ̀rọ̀ Florida State bá délẹ̀ láàrin àwa tá a ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti àwọn yunifásítì, ẹnìkan kì í pẹ́ fi àmì ayò kan pa gbogbo ẹnu mọ́: 63 sí 3. Á ní ṣebí Georgia lù wọ́n bí ẹni lu bàrà nínú Orange Bowl, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ìparí sáà tí wọ́n ń pè ní bowl, ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tó máa du ife orílẹ̀-èdè, tó sì yọ wọ́n sílẹ̀, mọ ohun tó ń ṣe nìyẹn. Mi ò gbà. Ọ̀tọ̀ ni ikọ̀ tí ìgbìmọ̀ yọ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni èyí tí Georgia nà.

Lọ́dún 2023, ikọ̀ mẹ́rin péré ló ń du ife orílẹ̀-èdè. Florida State gbá ìdíje 13, wọ́n borí nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gba ife líìgì wọn, ACC. Wọ́n na LSU 45 sí 24. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá, ẹsẹ̀ Jordan Travis kán nígbà tí wọ́n ń kojú North Alabama. Òun ni quarterback, ẹni tí bọ́ọ̀lù ń tọwọ́ rẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Tate Rodemaker bọ́ sí ipò rẹ̀, wọ́n na Florida, òun náà sì forí gbọgbẹ́. Nígbà tí àṣekágbá ACC fi dé, ọmọ ọdún kìíní, Brock Glenn, ló kù. Nínú bọ́ọ̀lù 21 tó jù, 8 péré ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí. Kò dùn ún wò rárá. Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn kò gbà fún Louisville ju àmì ayò 6 lọ, wọ́n sì fi 16 borí.

Lọ́jọ́ kejì, December 3, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 mú Michigan, Washington, Texas àti Alabama tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Òótọ́ ni pé ìlànà wọn fàyè gbà wọ́n láti wo agbábọ́ọ̀lù pàtàkì tí kò ní sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà wọn, kó dúró lórí èyí, mo lè bá irú wọn jiyàn tó gbọ́n. Kó má fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Orange Bowl ní December 30 ti ìpinnu December 3 lẹ́yìn.

Nítorí kí ló ṣẹlẹ̀ láàrin ọjọ́ méjèèjì? Kò sí ife orílẹ̀-èdè kankan nínú Orange Bowl yẹn. Jared Verse, Keon Coleman àti Trey Benson ti Florida State, tí NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, ń dúró dè, kò gbá a. Rodemaker ti fẹ́ lọ sí yunifásítì mìíràn. Agbábọ́ọ̀lù tó lé ní ogún ni kò sí níbẹ̀, Glenn ni wọ́n tún gbé síwájú. Àwọn kan kò gbá a ní Georgia náà, Brock Bowers wà lára wọn, ṣùgbọ́n Carson Beck, quarterback wọn, wà ní ìdúró.

Ẹ má pe àwọn tí kò gbá a ní ojo. Orange Bowl yìí kan náà, lọ́dún 2016, ni orúnkún Jake Butt ti Michigan ti já, Florida State gan-an ni wọ́n ń bá gbá a. Nígbà tí àwọn ikọ̀ NFL ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, ìpele karùn-ún ni wọ́n tó mú un. Ta ló fẹ́ fi orúnkún rẹ̀ ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ife ìtura?

Ká ní ìgbìmọ̀ mú Florida State ni, irú Verse kì í fi ìdíje ife orílẹ̀-èdè sílẹ̀ lọ sílé. Yíyọ tí wọ́n yọ wọ́n ló bí 63 sí 3. Àwọn èèyàn wá ń fi ọmọ jẹ́rìí pé ìyá kò jẹ̀bi.

Nígbà tí yunifásítì Notre Dame náà kò rí ibi wọ̀ lára àwọn tó máa du ife orílẹ̀-èdè lọ́dún 2025, pẹ̀lú ìborí 10 àti ìjákulẹ̀ 2, wọ́n ní àwọn kò gbá bowl kankan. Ọ̀pọ̀ pè é ní ìbínú ọmọdé. Ní tèmi, mo rò ó wò pé kò sí 63 sí 3 kankan tí ẹnikẹ́ni máa fi lé wọn lórí láyé.

Ohun tí Travis kọ síta lọ́jọ́ tí wọ́n yọ wọ́n sílẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ó wu òun kí ẹsẹ̀ òun ti kán ṣáájú ìgbà yẹn, kí gbogbo ayé lè rí i pé ikọ̀ òun ju quarterback kan lọ.