Ọmọ ìyá tí ò túká: bí ẹranko ṣe bẹ̀rẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ bí ẹranko ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé nígbà láéláé sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ohun alààyè tín-ín-tín tó para pọ̀ di ara wa, kọ̀ọ̀kan ń dá gbé inú omi, nígbà tó yá wọ́n wá rí i pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ni wọ́n bá kóra jọ bí àwọn tó ń dá àjọ, wọ́n di ẹja, wọ́n di ẹyẹ, wọ́n di èèyàn. Ìtàn yẹn dùn létí o, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń bí èèyàn nínú pé ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an ló bò mọ́lẹ̀. Kò sí ìpàdé kankan.

Ẹ wo agbo ilé kan n'Ílọrin, ní Pakata tàbí Òkè-Lélé. Ṣé ogún àjèjì ló pàdé lọ́jà tí wọ́n ní ẹ jẹ́ ká kọ́lé pọ̀? Rárá. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, ó bímọ, ọmọ dàgbà, dípò kó kó jáde ó so yàrá tiẹ̀ mọ́ ara ògiri bàbá ẹ̀, ọmọ-ọmọ náà tún so tiẹ̀ mọ́ ọn, títí ojúlé fi lọ súà. Bí ti sẹ́ẹ̀lì náà ṣe rí nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì tó ń dá gbé máa ń pín ara ẹ̀ sí méjì, kálukú á sì bá tiẹ̀ lọ. Ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, inú òkun, àwọn kan pín tán, wọn ò lọ.

Ìbátan wa kan ṣì wà láyé tá a lè fi wo bó ṣe ṣẹlẹ̀, choanoflagellate lorúkọ ẹ̀. Kì í ṣe bàbá ńlá wa o, ọmọ àbúrò bàbá ni, òun àtàwa jọ ti ilé kan jáde ni. Sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan péré, ó ní ìrù kan, ó sì ní kọ́là tí irun wẹ́wẹ́ ṣe yí ìdí ìrù náà ká. Ìrù ń ju omi, omi ń gba àárín irun kọjá, bakitéríà, kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, há síbẹ̀, ó jẹ ẹ́. Sípọ́ńjì inú òkun, tó jẹ́ ẹranko bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan ló ń jókòó sí, irú sẹ́ẹ̀lì oníkọ́là yìí ló kún inú ẹ̀, Henry James-Clark ọmọ Amẹ́ríkà sì ti rí ìjọra yẹn látọdún 1866.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan yìí, Salpingoeca rosetta, nígbà míì á dá wà, nígbà míì á ṣù pọ̀ bí òdòdó: ìdí wọn á kojú síra wọn láàárín, ìrù gbogbo wọn á wà níta, wọ́n á máa yí nínú omi. Ní yàrá ìwádìí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Nicole King, ní yunifásítì Berkeley l'Amẹ́ríkà, wọ́n fi oògùn tó ń pa bakitéríà sínú omi tí wọ́n fi ń sìn ín, ni òdòdó bá pòórá, kálukú ń dá rìn. Wọ́n wá ń dá bakitéríà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kan ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ Algoriphagus, òdòdó tún yọ. Ọdún 2012 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rá kan tí bakitéríà yẹn ń tú jáde ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé tó bá pín kó má lọ. Ibi tó ṣe kókó nìyí o, àwọn tó ti ń dá rìn tẹ́lẹ̀ ò sáré wá dara pọ̀, ẹyọ kan ló ń pín tí àwọn ọmọ ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n nílò gan-an ti wà nílé tipẹ́. Púrótéènì kan wà tó ń jẹ́ cadherin tó ń so sẹ́ẹ̀lì ara wa pọ̀, lọ́dún 2008 tí wọ́n ka DNA, ìwé ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì, ti ìbátan míì tó ń jẹ́ Monosiga brevicollis, wọ́n bá jíìnì cadherin 23 níbẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń dá gbé ni.

Àmọ́ sípọ́ńjì tí Wilson, onímọ̀ nípa ẹranko, fún ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ní sẹ́ẹ̀lì kóra jọ máa ń fi jiyàn nìyẹn. Ẹ rántí bí ìyá ẹlẹ́kọ ṣe ń sẹ́ ògì, ó da àgbàdo lílọ̀ sórí aṣọ tó ta sẹ́nu báàfù, ó ń bu omi sí i, ó ń fọwọ́ rò ó, ó ń fún un, èérí kù sókè, ògì funfun ṣàn sísàlẹ̀. Lọ́dún 1907, H. V. Wilson fi aṣọ sílíkì fún sípọ́ńjì báyẹn sínú omi òkun, sẹ́ẹ̀lì rọ̀ sísàlẹ̀ abọ́ bí ògì tó silẹ̀, wọ́n wá ń rá pálá wá ara wọn títí wọ́n fi tún di sípọ́ńjì. Bí ẹní rí ògì tó padà di àgbàdo! Ṣùgbọ́n ọmọ ilé kan náà làwọn yẹn látilẹ̀, ìjì ló wó ògiri, wọ́n tún un mọ.

Àwọn tó ń dá àjọ lóòótọ́ wà. Amíbà inú ilẹ̀ kan, Dictyostelium, tébi bá dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á kóra jọ, wọ́n á nàró bí ìtì kékeré, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún á kú kí ìtì lè dúró, àwọn tó kù á wà lókè bí irúgbìn. Onímọ̀-tara-ẹni sì máa ń wà nínú wọn tó jẹ́ òkè nìkan ló ń dù, ẹlòmíì ni kó kú nísàlẹ̀. Wàhálà àjọ nìyẹn, torí ẹ̀jẹ̀ wọn ò dọ́gba.

Ẹranko bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn torí pé ní gbogbo ìran ó máa ń padà sí sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan. Ẹ̀dọ̀, awọ, egungun, ojú, inú ẹyin kan tí àtọ̀ wọ̀ ni gbogbo wọn ti jáde, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lè ṣiṣẹ́ títí kó kú láìbí ọmọ tó máa di èèyàn, ẹni tó bímọ nínú ilé bí i fún òun náà. Ọgbọ́n yìí ga o, ó ju gbogbo gọ́ọ̀mù lọ. Ibi tí agbo ilé àti ara ti yàtọ̀ ni pé agbo ilé ń fẹ́yàwó wọlé, ara ò gbàlejò, ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíì sí lára fi ń lo oògùn kí ara má bàa lé e jáde.

Àléébù ẹ̀ ni pé agbára àtipín ò kúrò lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì. Bí DNA ọ̀kan bá bà jẹ́, ó lè padà sáyé àdágbé, kó máa bí sí i láìwo ojú ẹnikẹ́ni, òun là ń pè ní jẹjẹrẹ. Jíìnì kan wà, TP53, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó dá irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ dúró tàbí kó ní kó pa ara ẹ̀, bíi Magàjí, olórí agbo ilé, tó ń lé ọmọ burúkú jáde. Níbi tí èèyàn ti ní ẹyọ kan, erin ní nǹkan bí 20, bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bí ara erin ṣe tóbi tó tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ sì pọ̀ tó, jẹjẹrẹ ò wọ́pọ̀ lára ẹ̀.