Òpùrọ́ ò lè wò ẹ́ lójú? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

"Wo ojú mi kóo tún un sọ!" Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún rí nílé, èmi náà ti sọ ọ́ àìmọye ìgbà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsinkàn níbí, ní Àkúrẹ́, torí gbogbo wa la gbà pé ẹni tó bá ń purọ́, ojú ẹ̀ á máa sá kiri ni, ṣebí ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìgbàgbọ́ yẹn ti ná mi lówó, ó sì ti jẹ́ kí n ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn. Ọmọ yẹn lè purọ́ sha! Èyí tí ò lérè kankan gan-an ló fẹ́ràn jù. Á jẹ ẹ̀bà tán, á ní ẹ̀wà lòun jẹ. Lọ́jọ́ kan mo pè é lórí fóònù, ó ní òun wà nínú mọ́tò ní Òwènà, òun ń bọ̀ láti Oǹdó, tírélà ló ṣubú dí ọ̀nà, ó tún ń ṣàlàyé bí epo ṣe dà sílẹ̀ àti bí àwọn obìnrin ṣe ń gbé kẹ́ẹ̀gì sáré bọ̀, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ata tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi nínú fóònù, èyí tí bẹ́líìtì ẹ̀ máa ń han bí fèrè. Mo yọjú lójú wíńdò. Òun rèé lórí bẹ́ǹṣì. Ó wò mí lójú kòrókòró, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú, ó ní "Àǹtí, wọ́n ti ń gbé tírélà yẹn kúrò o."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó wádìí ẹ̀ rí. Lọ́dún 2006, Charles Bond àti Bella DePaulo kó ìwádìí tó lé ní 200 jọ, àwọn tí wọ́n ní kó dájọ́ irọ́ àti òótọ́ nínú ẹ̀ lé ní 24,000, nínú ọ̀rọ̀ 100, bíi 54 péré ni wọ́n gbà. Ẹni tó bá kàn ń ju kọ́ìnì sókè á gba 50. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ irọ́ wíwá, bí ọlọ́pàá, kò sàn ju èmi àti ẹ lọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni ikọ̀ kan tí Bond wà nínú ẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè 58 pé kí ni wọ́n fi ń mọ òpùrọ́, èyí tí wọ́n sì dárúkọ jù ni pé kì í wo èèyàn lójú. Ìyẹn ni pé kì í ṣe àwa nìkan la gbà á gbọ́.

Ẹni tí irọ́ ti mọ́ lára ò tiẹ̀ ní ìdí tó fi máa gbọ̀n. Àwọn kan ní London ya àwòrán ọpọlọ èèyàn níbi tí wọ́n ti ń purọ́ fún èrè ara wọn, ìwádìí náà jáde ní 2016: bí irọ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni apá tó ń jẹ́ kí ara bù máṣọ nínú ọpọlọ ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní tèmi, mo tún rò pé òpùrọ́ gidi ní láti wò ẹ́ lójú ni, kó lè rí i bóyá ó ti wọlé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà. Ọmọ Ìdànrè ni. ₦18,000 dàwátì nínú dúrọ́ọ̀, mo pe òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Èyí ọkùnrin ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, "Àǹtí, mi ò rí i." Ọmọbìnrin yìí dorí kodò, ó ń wo sílípáàsì ẹsẹ̀ ẹ̀, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní kó má wá mọ́. Ẹ wò ó, ta ló kọ́ ọ láti dorí kodò? Àwa náà ni! Ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí, a ní ó ń yájú, a lè gbá a létí pàápàá, ọmọ wá gbọ́ràn, ó wolẹ̀, a tún ní ìwolẹ̀ yẹn lẹ̀rí pé olè ni. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà àti ẹni tó ń purọ́, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá oní-POS tó wà nítòsí bi mí pé ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn ò ní wá san owó sínú àkáǹtì mọ́ ni, bíi ti ọjọ́sí tó mú ₦18,000 wá. Ara mi bù máṣọ. Mo lọ bẹ ọmọ yẹn ní Ìdànrè, ìyá ẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n kò padà wá, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Àwọn kan á ní irú irọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, wèrè ni. Irọ́ àpajùdé ti lórúkọ lọ́dọ̀ àwọn dókítà tipẹ́, Anton Delbrück ló pè é ní pseudologia phantastica ní 1891, ṣùgbọ́n DSM, ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn ọpọlọ lẹ́sẹẹsẹ ní Amẹ́ríkà, ò kà á sí àìsàn tó dá dúró títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Ó lè bá àìsàn míì rìn, ó sì lè jẹ́ ìwà lásán, dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe èmi.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́, nǹkan tó sọ gan-an ni mò ń yẹ̀ wò. Tó bá ní òun ti sanwó, mo máa dúró de àlẹ́ẹ̀tì nínú báńkì tèmi, kì í ṣe èyí tó fi hàn mí lórí fóònù tiẹ̀. Mi ò pariwo, mi ò sì pè é lópùrọ́ níwájú èèyàn, torí tí o bá há a mọ́gun, irọ́ míì ló máa fi bo ti àkọ́kọ́, ilẹ̀ á ṣú síbẹ̀. Mi ò sì jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi súnmọ́ dúrọ́ọ̀ mọ́, ìyẹn ò la ìjà lọ.

Ó pè mí níjẹta, ó ní òun wà ní Ọ̀rẹ̀, kí n fi ₦5,000 ránṣẹ́, mọ́tò òun bàjẹ́. Mo ní ó dáa, kó fún dírẹ́bà ní fóònù kó kí mi. Ó ní bátìrì òun ti ń kú lọ.