Ibùwọ̀ àti oúnjẹ ní ìlú Hakodate

Hakodate jẹ́ ìlú èbúté ní gúúsù Hokkaidō, erékùṣù ńlá tó wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Jàpáànì. Ó wà lára àwọn èbúté tí Jàpáànì kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ fún òwò pẹ̀lú àwọn òyìnbó ní ọdún 1859, pẹ̀lú Yokohama àti Nagasaki. Àwọn àjèjì tó wá ṣòwò níbẹ̀ kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí ẹsẹ̀ òkè Hakodate, òkè tó ga ní mítà 334, tí ó sì kọjú sí òkun. Apẹja, oníṣòwò àti àlejò ló ń gbé ìlú náà ró títí dòní. Ibi tí àlejò bá wọ̀ sí níbẹ̀ ló máa ń pinnu ohun tí yóò jẹ, pàápàá oúnjẹ àárọ̀, nítorí oúnjẹ àárọ̀ ni àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Hakodate fi ń bára wọn díje jù lọ.

Reluwé ayára-bí-àṣá Shinkansen dé Hokkaidō ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ṣùgbọ́n ibùdó rẹ̀, Shin-Hakodate-Hokuto, jìnnà díẹ̀ sí ìlú. Ọkọ̀ ojú irin mìíràn ló ń gbé èrò wọ àárín ìlú ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Táráàmù oníná tó ti ń rìn lójú títì láti ọdún 1913 ló so ẹsẹ̀ òkè, ibùdó reluwé, àdúgbò Goryōkaku àti Yunokawa pọ̀, nítorí náà kò pọn dandan kí àlejò háyà mọ́tò.

Àyíká ibùdó reluwé àti ọjà òwúrọ̀

Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́bàá ibùdó reluwé kì í sábà wọ́n. Yàrá wọn kéré, ibùsùn àti ilé ìwẹ̀ kóńkóló ló máa ń wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Àǹfààní tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé èèyàn lè jí kó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí Asaichi, ọjà òwúrọ̀ Hakodate.

Ọdún 1945, lẹ́yìn ogun, ni ọjà yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń kó ẹ̀fọ́ wá tà. Lónìí, ó ní ìsọ̀ tó tó nǹkan bí 250. Aago márùn-ún òwúrọ̀ ni wọ́n ń ná an nígbà tí ojú ọjọ́ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń di aago mẹ́fà nígbà òtútù. Bó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti pa. Kaisendon ni oúnjẹ ibẹ̀ tó lókìkí: ìrẹsì gbígbóná nínú abọ́, tí wọ́n to ohun inú òkun tútù lé lórí. Ẹyin ẹja salmon máa ń wà níbẹ̀, àti akàn, àti uni, ìyẹn ẹran inú ohun ẹlẹ́gùn-ún tó ń gbé lára àpáta ìsàlẹ̀ òkun. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ló ń sọ iye rẹ̀, uni ló sì sábà máa ń gbówó lé e jù.

Nínú ọjà náà, ọpọ́n omi ńlá kan wà tí àwọn ika, ìyẹn squid, ẹran omi aláìléegun tó ní ọwọ́ púpọ̀, ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Oníbàárà á sanwó, á gba ọ̀pá ìwọ̀, á sì fi ìwọ̀ kọ́ ọ̀kan níbi lẹbẹ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní etí. Bí wọ́n bá ti ń fà á jáde ló máa ń tu omi sókè, ara rẹ̀ tó mọ́ bíi dígí á sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹni tó ń tà á á gbà á, á la inú rẹ̀, á rẹ́ ẹ tínrín-tínrín lójú ẹsẹ̀, á sì gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú omi sóyà àti atalẹ̀ rírin. Ọwọ́ ika náà á ṣì máa mira nínú àwo. Iye rẹ̀ kì í dúró lójú kan, nítorí bí àwọn apẹja bá ṣe rí pa lọ́jọ́ náà ni. Ó dunni pé ika tí wọ́n ń rí pa ti dín kù gidigidi láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé sẹ́yìn, ní ìlú tó jẹ́ pé orúkọ ika ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹja buri, tó fẹ́ràn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ló wá ń pọ̀ nínú àwọ̀n, àwọn ilé oúnjẹ sì ti ń wá ọ̀nà láti fi ṣe oúnjẹ tuntun.

Etí omi àti Motomachi

Iná jó apá yìí ní ọdún 1907, wọ́n sì tún àwọn ilé ìkẹ́rù Kanemori tí wọ́n fi bíríkì pupa mọ kọ́ ní ọdún 1909. Ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ ló wà nínú wọn báyìí. LaVista Hakodate Bay, tó wà nítòsí ibẹ̀, lókìkí fún oúnjẹ àárọ̀ tí àlejò ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹyin ẹja lé ìrẹsì. Apá yìí ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ gun òkè lálẹ́ láti wo iná ìlú.

Oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú náà wà níbẹ̀. Lucky Pierrot, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987, ń ta bọ́gà oní-ádìyẹ díndín; gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ló wà ní gúúsù Hokkaidō. Ní ilé ìtajà Hasegawa Store, oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní yakitori bento wà, ìyẹn ẹran sísun orí igi tí wọ́n tò sórí ìrẹsì nínú páálí. Ádìyẹ ni yakitori sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ti ibí yìí, nítorí náà kí ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ béèrè kó tó rà á. Wọ́n gé ojú sí etí páálí rẹ̀, kí èèyàn lè fi ọmọrí tẹ ẹran mọ́lẹ̀, kó sì fa igi ìsunran jáde. Nítòsí Motomachi, àdúgbò tó wà ní ẹsẹ̀ òkè Hakodate, ilé oúnjẹ Gotōken ti wà láti ọdún 1879, kọ́rì rẹ̀ ló sì gbayì jù.

Ramen Hakodate, ìyẹn núdù inú omi ọbẹ̀, náà yàtọ̀: iyọ̀ ni wọ́n fi ń mú un dùn, omi rẹ̀ sì máa ń mọ́ gaara. Kombu, ewé òkun tó pọ̀ létí òkun Hakodate, wúlò púpọ̀ fún irú omi ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Yunokawa

Yunokawa, tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú, ni àdúgbò omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀. Àwọn ilé àlejò ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ryokan, máa ń ka oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀ mọ́ owó yàrá. Àlejò á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á wọ yukata, aṣọ fífúyẹ́ ti àwọn ará Jàpáànì, á sì jẹun ní àkókò tí wọ́n dá. Lọ́pọ̀ ilé, ìgbà tó bá wà nídìí oúnjẹ ni wọ́n máa ń tẹ́ ibùsùn fún un sórí ẹní tatami. Ó gbọ́dọ̀ fọ ara rẹ̀ mọ́ kó tó wọnú omi gbígbóná, ọ̀pọ̀ ilé ni kì í sì í gba ẹni tó fín ara. Ẹni tí kò ní owó ryokan lè ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́bàá ibùdó táráàmù.

Àkókò

Yàrá máa ń ṣọ̀wọ́n ní ìparí oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, nígbà tí òdòdó sakura bá yọ ní odi Goryōkaku, àti láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún èbúté. Oṣù Kẹfà ni àsìkò pípa ika máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyin salmon tuntun máa ń dé ní ìgbà ìwọ́wé.