Bí zinnia ṣe ń pe labalábá wá sí àgbàlá l'Ábùjá

Zinnia àti cosmos jẹ́ ewéko olódòdó tí kì í pẹ́ láyé. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ti hù, wọ́n ti tanná, wọ́n ti so irúgbìn, wọ́n sì ti kú. Ìkánjú yìí ló ń jẹ́ kí òdòdó wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mẹ́síkò ni zinnia ti wá, ooru Àbújá bá a lára mu. Bí wọ́n bá gbìn ín sí Kubwa tàbí Lugbe níbi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, kì í ju ọjọ́ mẹ́rin sí méje lọ kó tó hù, yóò sì tanná ní nǹkan bí oṣù méjì. Ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ tó ti jẹrà ti tó o. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù, ewé ni yóò máa yọ. Ìdí rẹ̀ ni kí á máa bomi sí, nítorí bí omi bá ń dúró lórí ewé, àrùn lè mú un.

Ẹ sún mọ́ ọn ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí oòrùn ti mú ara labalábá móoru. Ohun tí à ń pè ní òdòdó kan yẹn, ogunlọ́gọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ni. Àwọn tó yọ bí ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè láàárín, oje dídùn wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Labalábá á bà lé e, á na ẹnu rẹ̀ tó ká bí okùn, á máa tì í bọ inú wọn níkọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, zinnia tí àárín rẹ̀ hàn gbangba ló yẹ ká rà. Èyí tó ṣù jọ débi pé àárín rẹ̀ kò hàn lẹ́wà lójú wa lóòótọ́, àmọ́ labalábá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oúnjẹ mu níbẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni hummingbird, ẹyẹ kékeré tó ń mu oje òdòdó, wà. Sunbird, ẹyẹ kékeré mìíràn, ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lọ́dọ̀ tiwa, òdòdó pupa tó gùn bí fèrè, bíi ti ewéko salvia pupa, ló sì fẹ́ràn. Ó sábà máa ń bà kó tó mu, ẹ jẹ́ kí igi tó le díẹ̀ wà nítòsí.

Gbàrà tí òdòdó bá ti ń rọ, ẹ gé e. Bí irúgbìn bá gbó lórí rẹ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn. Bí ẹ bá gé e, yóò tún tanná. Bí ihò bá wà lára ewé ńkọ́? Ẹ má fín oògùn kòkòrò sí i. Ọmọ labalábá lè wà lára àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi òdòdó tó kẹ́yìn sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ fọwọ́ rún un, irúgbìn tó rí bí orí ọfà á jáde. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú bébà, kì í ṣe ọ̀rá, títí òjò oṣù kẹrin yóò fi dé.