Ọta Ìbọn Ọlọ́pàá Ní Ìwé Tirẹ̀

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, ọlọ́pàá kan yìnbọn sí ọkọ̀ ìdílé kan lábẹ́ bíríìjì Ajah, ní Èkó. Agbẹjọ́rò obìnrin kan tó lóyún wà nínú ọkọ̀ náà. Ọta bà á, ó sì kú. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Ibironke Harrison ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá náà.

Ariwo tó sọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí. Èmi tí mo jẹ́ lọ́yà, tó sì jẹ́ pé ẹjọ́ aráàlú pẹ̀lú ọlọ́pàá ni mò ń ṣe jù, ẹ̀rí kan tó jáde níbi ìgbẹ́jọ́ ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá wá bá mi. Ọta 25 ni wọ́n kà lé ọlọ́pàá náà lọ́wọ́ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó kó ìbọn padà, 23 ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá bíi tirẹ̀ ló wá sọ èyí níwájú adájọ́. Ọta tó bá kúrò ní yàrá tí wọ́n ń kó ìbọn sí gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀, ẹni tó gbà á ló sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Àwọn ẹjọ́ tó ń já sófo lójú mi, kì í ṣe àìsí òfin ló ń bà wọ́n jẹ́. Òfin wà rẹpẹtẹ. Aráàlú kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá náà kò kọ èyí tó yẹ kó kọ, nígbà tí ilé ẹjọ́ yóò sì fi béèrè, ọ̀rọ̀ ti di "mo sọ, o ò sọ".

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára ọlọ́pàá dé. Abala 33 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Ó wá yọ àwọn kan sọ́tọ̀: bí ẹnìkan bá kú níbi tí wọ́n ti ń gba ènìyàn tàbí dúkìá lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ipá ṣọṣẹ́, tàbí níbi tí wọ́n ti ń mú ẹni tó tọ́ kí wọ́n mú, tàbí tí wọ́n ń dá ẹni tó fẹ́ sá kúrò ní àtìmọ́lé dúró, tàbí tí wọ́n ń paná rògbòdìyàn, a kò ní sọ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ náà lójú. Gbólóhùn kan sì wà níbẹ̀ tó yẹ ká fa ìlà sí nídìí: agbára náà kò gbọdọ̀ ju èyí tí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gbà lọ.

Lójú tèmi, abala yìí ṣì fẹ̀ jù. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní Havana, lórílẹ̀-èdè Kúbà, lọ́dún 1990, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yin ìbọn tó lè pani àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá láti gba ẹ̀mí là. Ẹ̀mí ni wọ́n wí, kì í ṣe fóònù, kì í ṣe mọ́tò. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá wa ní àṣẹ tirẹ̀ lórí ìbọn yínyìn, tí wọ́n ń pè ní Force Order 237. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2019, lẹ́yìn tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti ń pariwo tipẹ́ pé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ gba ọlọ́pàá láyè láti yìnbọn fún ẹni tó kàn ń sá lọ, tí kò fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu.

Kì í ṣe ìbọn nìkan là ń pè ní agbára. Kóńdó ńkọ́? Ìgbájú ńkọ́? Òfin tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, tí a mọ̀ sí ACJA ti 2015 (àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní irú rẹ̀, Èkó tilẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ láti 2007), sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹni tí wọ́n mú àyàfi tó bá ń jà, tàbí tó fẹ́ sá, tàbí tí ààbò bá béèrè fún un, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá pa á láṣẹ. Òfin tó tako ìdánilóró, tó jáde lọ́dún 2017, le ju ìyẹn lọ: ẹni tó bá dá ènìyàn lóró lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 25. "Ọ̀gá mi ló rán mi" kò sì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn. Bí ẹni tí wọ́n dá lóró bá kú, ẹ̀sùn ìpànìyàn ló dà.

Èyí tí mo rí jù lọ lára àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì mi ni ti mọ̀lẹ́bí. Ọmọ dá ọ̀ràn, wọ́n wá gbé ìyá. Ọkọ jẹ gbèsè, wọ́n ti ìyàwó mọ́lé. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, òfin náà sì sọ bẹ́ẹ̀: ACJA àti Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, èyí tó rọ́pò ti 1943, kò gba ọlọ́pàá láyè láti mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Gbèsè àti àdéhùn tó bàjẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lo ọlọ́pàá láti fi gba owó lọ́wọ́ onígbèsè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ là fún wọn láti fi gbé ẹni tó jẹ yín lówó ni wọ́n máa gbà wá gbé àbúrò yín.

Ó ti wá kan ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá mú yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí ẹ óò fi rí lọ́yà tàbí ẹni tí ẹ fọkàn tán. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìdí tí wọ́n fi mú yín, ní kíkọ sínú ìwé, ní èdè tí ẹ gbọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, bó bá jẹ́ òun lẹ gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni ìwé òfin fi sílẹ̀ fún wọn láti gbé yín débẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó dà bíi pé ọ̀pọ̀ aráàlú kò gbọ́ rí. Ní oṣooṣù, ọ̀gá téṣàn gbọ́dọ̀ fi ìròyìn gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìsí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ ránṣẹ́ sí májísíréètì tó wà nítòsí. Májísíréètì náà gbọ́dọ̀ bẹ téṣàn wò, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá débẹ̀, ó lè ní kí wọ́n gbé ìwé àwọn tí wọ́n mú jáde, kó kà á lórúkọ lórúkọ. Ó lè fún ẹni tí wọ́n dù ní béèlì ní béèlì níbẹ̀. Ó lè pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ẹnìkan lọ sí ilé ẹjọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ ẹni tó ti pẹ́ ní sẹ́ẹ̀lì, tí wọn kò gbé lọ síbi kankan, ẹ lọ bá akọ̀wé ilé ẹjọ́ májísíréètì àdúgbò yín, kí ẹ kọ lẹ́tà sí májísíréètì pẹ̀lú orúkọ ẹni náà àti ọjọ́ tí wọ́n mú un. Lẹ́tà ojú ewé kan tó. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí agbára ńlá báyìí ṣe wà nínú òfin, tí ìdílé sì ń tà ilẹ̀ láti wá owó béèlì tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ má bá ẹni tó gbé ìbọn jà, bó ti wù kó jẹ̀bi tó. Ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, ẹ wo aago. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí wọ́n bá lù yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ fún dókítà pé ọlọ́pàá ló lù yín, kó sì kọ ọ́. Ẹ má fọ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí. Gbogbo ìwé ẹ̀sùn tí ẹ bá kọ, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.

Ibo ni ìwé ẹ̀sùn ń lọ? Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú láti 2015. Police Service Commission ló lè lé ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́ tàbí rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀, àfi ọ̀gá pátápátá nìkan. Kò lè rán an lẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Èkó, Office of the Public Defender ń gbẹjọ́ ẹni tí kò lówó lọ́yà rò láìgba kọ́bọ̀.

Àwọn kan á ní asán ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí wọ́n tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, ká, àti alẹ́ ọjọ́ 20 tí wọ́n yìnbọn níbi ìwọ́de ní Lẹ́kì. Ìbínú wọn tọ́. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi darí ní Èkó fún àwọn tí ọlọ́pàá ṣe níkà ní owó gbà-má-bínú tó lé ní mílíọ̀nù 400 náírà. Àwọn tó rí i gbà ni àwọn tó mú ẹ̀rí dání. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ Lẹ́kì, ó sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó pẹjọ́.

Èmi náà kò gbàgbé àwọn ọlọ́pàá. Ìjọba kéde pé 22 nínú wọn ni wọ́n pa nínú rògbòdìyàn ọdún 2020. Ẹni tó pa wọ́n kò béèrè èwo ló fìyà jẹ ọmọ rẹ̀, èwo ni kò gba ríbá rí. Aṣọ ni wọ́n wò. Ọlọ́pàá tó bá ń kọ ìwé rẹ̀ bó ti yẹ, tó ń ka ọta rẹ̀, ẹ̀rí pé kì í ṣe òun ló ń kó jọ. Mo fẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà rí i bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá wá di pé ẹnìkan kú sí àtìmọ́lé, ẹ má tètè sin ín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí nira fún àwọn ẹbí wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ pe lémọ́mù sí i, kí ẹ ṣàlàyé fún un. Òfin kọ́rónà (coroner, ẹni tó ń ṣèwádìí ohun tó pa ènìyàn) ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2007, ní kí wọ́n ṣèwádìí irú ikú bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò òkú ni ẹ̀rí tó lágbára jù, kò sì sí bí a ṣe lè rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú.

Ẹni tí tirẹ̀ ti pẹ́, tó rò pé ọ̀rọ̀ ti tutù, kó mọ̀ pé ìlànà tí a fi ń pẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti 2009 kò fi gbèdéke ọdún kankan sí i. Ẹ lè pe ẹjọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí ilé ẹjọ́ bá sì rí i pé wọ́n tì yín mọ́lé láìtọ́, abala 35 ìwé òfin ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún yín, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín ní gbangba. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, ẹ kó gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ yín dání, títí kan rìsíìtì ilé ìwòsàn.